Géètì òkúta Bury St Edmunds: ẹ má kàn gba abẹ́ ẹ̀ kọjá

Tí ẹ bá wà ní England, tẹ́ ẹ sì ń wá ibi tẹ́ ẹ lè gbafẹ́ lọ láìná owó gọbọi, ẹ lọ sí Bury St Edmunds ní Suffolk, kẹ́ ẹ lọ wo àwọn géètì àti ògiri òkúta tó yí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wọn ká. Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún un nínú márùn-ún. Ọ̀kan tí mo yọ yẹn, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ nísàlẹ̀. Kì í ṣe kàtídírà, ṣọ́ọ̀ṣì bíṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀, ni mò ń ṣe rifíù ẹ̀ o, kàtídírà dáa, kò sẹ́ni tó ní kò dáa, àmọ́ àwọn èèyàn ti sọ̀rọ̀ ẹ̀ tó, wọ́n ti ya fọ́tò ẹ̀ tó. Géètì ni tèmi. Géètì àti ògiri, torí ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ́ géètì yẹn gan-an, ìyẹn ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn mọ́ǹkì (àwọn ọkùnrin tó fi ayé wọn fún Ọlọ́run, tí wọ́n jọ ń gbé), ti wó lulẹ̀ tipẹ́, géètì ló ṣẹ́ kù tó ń rojọ́.

Ohun tó ń ká mi lára ni pé tẹ́ ẹ bá dúró síbẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rí i bí èrò ṣe ń wọlé tí wọ́n ń jáde, fóònù létí, ọmọ lọ́wọ́, áíìsì kiriímù lẹ́nu, kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Géètì tó ti lo bí 900 ọdún lórí ìdúró ni wọ́n ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá yẹn o. Wọ́n á lọ wo òdòdó nínú gádìnì, wọ́n á jókòó sórí koríko, wọ́n á relé. Mi ò bá wọn jà, gádìnì yẹn náà rẹwà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá láti ọ̀nà jíjìn, tó wo òdòdó, tí kò wo géètì, òdòdó ò kúkú wọ́n nílẹ̀ òyìnbó.

Ìtàn ibẹ̀ ní ṣókí: ọba kan wà ní East Anglia, apá ìlà oòrùn England, tó ń jẹ́ Edmund, àwọn Danes, àwọn jagunjagun láti Denmark, pa á ní ọdún 869, wọ́n sọ ọ́ di ẹni mímọ́, òkú ẹ̀ sì di ohun táwọn èèyàn ń rin ìrìn-àjò wá kí. Ní 1020 ọba Cnut kó àwọn mọ́ǹkì wá síbẹ̀, ilé àwọn mọ́ǹkì yìí wá di ọlọ́rọ̀, ó di alágbára, àwọn ló ni ilẹ̀, àwọn ló ni ọjà, àwọn ló ń gba owó orí lọ́wọ́ ará ìlú, títí di 1539 tí ọba England, Henry VIII, ní kí kálukú kó ẹrù ẹ̀ jáde. Ẹ fi ọ̀rọ̀ owó orí yẹn sọ́kàn, òun ló bí géètì kejì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Géètì àkọ́kọ́ ni Norman Tower. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ gba Churchgate Street wá, ẹ má kọ́kọ́ gba ojú Angel Hill, gbàgede ńlá tó wà nítòsí. Ìdí ni pé àwọn mọ́ǹkì ìgbà yẹn ló tò ó bẹ́ẹ̀, títì yẹn, géètì yẹn, àti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn, orí ìlà kan náà ni gbogbo ẹ̀ wà, kó lè jẹ́ pé ẹni tó ń bọ̀ láti àárín ìlú, ibi tó bá ti yọjú báyìí ló ti ń rí ibi tó ń lọ. Bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ ni ilé gogoro yẹn á máa ga sí i lójú yín. Bí ẹsẹ̀ bàtà 86 ni gíga ẹ̀. Abbot Anselm, olórí àwọn mọ́ǹkì, ló kọ́ ọ, láàrin 1120 sí 1148, Anselm tí ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ jẹ́ Archbishop Canterbury, bíṣọ́ọ̀bù tó ga jù ní England, ẹ ríyẹn, ọ̀rọ̀ a-mọ-ẹnìkan kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní bàbá yìí fẹ́ rìnrìn àjò lọ sí ojúbọ St James ní Compostela, ní Spain, wọ́n bá ní kó má lọ, kó jókòó síbi iṣẹ́ ẹ̀, kó kúkú kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì St James sílé. Ló bá kọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn tí wọ́n tún kọ́ láti 1503 ló di kàtídírà ní 1914, Norman Tower tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni agogo kàtídírà náà sì wà di òní. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ o, géètì ni, ilé agogo ni, ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, kò sì tíì fẹ̀yìn tì.

Ohun tó jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀ dáadáa ni pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tẹ̀lé mi lọ, bíríkìlà ni wọ́n, iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti dé England. Èmi ń ya fọ́tò, àwọn ń fọwọ́ kan ògiri. Wọ́n ò tiẹ̀ wo ọnà ara ẹ̀, ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba abẹ́ géètì yẹn kọjá, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ ni, ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ rẹlẹ̀ ju ojú títì lọ. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ti rì nìyẹn.” Wọ́n ní, “Rárá o, kò rì, ilẹ̀ ìgboro ló ga sókè, ìwọ náà ro iye ọdún tí wọ́n ti ń da òkúta àti erùpẹ̀ sórí títì yìí, ojú ilẹ̀ ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ lò ń wò yẹn.” Mo dúró síbẹ̀ mo wo ẹsẹ̀ mi. Ojú ilẹ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún ó dín díẹ̀, ó sì mọ́.

Ẹ wo àwọn fèrèsé àti àwọn áàṣì ẹ̀, ìyẹn ibi tí òkúta ti tẹ̀ kọdọrọ lókè ọ̀nà, gbogbo ẹ̀ ló rí róbótó lókè, kò sí èyí tó ṣe ṣóńṣó. Báwọn Norman, àwọn tó wá láti Faransé tí wọ́n gba England, ṣe ń kọ́lé nìyẹn, ara ògiri ló ń gbé ẹrù, ìdí nìyẹn tí ògiri fi nípọn tó bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá dúró lábẹ́ áàṣì yẹn kẹ́ ẹ na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹ ó mọ̀ pé àwọn tó kọ́ ọ ò fẹ́ gbọ́ pé ó wó. Síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Ó ti sán, ó ti ń ṣí, láàrin àwọn ọdún 1840 ni wọ́n pe ayàwòrán ilé kan, Lewis Cottingham, tó bá wọn tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni yẹn mọṣẹ́. Àwọn kì í yin ẹnikẹ́ni tó bá di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ o, kódà wọn ò yin ẹni tó kọ́ ilé tí wọ́n ń gbé, torí náà ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Òkúta yẹn náà, kì í ṣe òkúta Suffolk. Suffolk ò ní òkúta gidi tí wọ́n lè gé sí onígun mẹ́rin, flint nìkan ni Ọlọ́run fún wọn, ìyẹn àwọn òkúta kéékèèké dúdú tó le koko, tó máa ń ṣáná tí wọ́n bá fi irin gbá a. Barnack ni wọ́n ti gé ti géètì, lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́bàá Peterborough, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn ẹ máa rí àwọn ègé ìkarahun nínú ẹ̀, torí ìsàlẹ̀ òkun ni òkúta yẹn ti wá kó tó di òkúta.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí géètì kejì, Abbey Gate, tó kọjú sí Angel Hill. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn láti Norman Tower débẹ̀ láìtíì tán bisikíìtì ọwọ́ yín. Èyí yàtọ̀ pátápátá. Tàkọ́kọ́ ò ní ìjà lára, ó kàn dúró bí àgbà. Èyí, géètì ẹni tí wọ́n ti ká mọ́lé rí ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ owó orí àti ọ̀rọ̀ ọjà yẹn sú àwọn ará ìlú. Ní 1327 wọ́n ya wọ ilé àwọn mọ́ǹkì, wọ́n ba géètì tó wà níbẹ̀ jẹ́, wọ́n kó ohun tí wọ́n rí kó, ìwé ẹ̀rí àti ìwé ẹ̀tọ́ wà níbẹ̀, wọ́n sì tún jí olórí mọ́ǹkì gbé, Abbot fúnra ẹ̀ o, wọ́n gbé e kúrò nílùú, wọ́n gbé e sọdá òkun. Ẹ rò ó wò. Ẹ máa rò pé kídínáápù ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé ni. Nígbà tọ́rọ̀ rọlẹ̀, ìjọba dá ìlú lẹ́bi, wọ́n sì kọ́ géètì tuntun láàrin ọ̀rúndún yẹn kan náà. Géètì tuntun yìí ló wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ń wò lónìí.

Tẹ́ ẹ bá wò ó látòkèèrè, ẹ máa sọ pé ó mà rẹwà o, ọnà ni gbogbo ara ẹ̀, àwọn ihò tí wọ́n ń gbé ère sí wà káàkiri, ère ò sí nínú ẹ̀ mọ́. Ẹ wá sún mọ́ ọn. Nínú àwọn ihò ère yẹn, ẹ̀yìn ibi tí ère ń dúró sí, ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lè ti ta ọfà ló wà níbẹ̀. Ẹni mímọ́ wà níwájú, tafàtafà wà lẹ́yìn. Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ ògiri nínú ọ̀nà àbáwọlé, ẹ máa rí ojú ọ̀nà tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta láti òkè délẹ̀, ibẹ̀ ni géètì onírin tí wọ́n ń já sílẹ̀ gbirigbiri ń gbà tí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn ará ìlú ń bọ̀. Mo ki ìka mi bọ̀ ọ́, ó gba ọwọ́ mi wọlé. Àwọn mọ́ǹkì tó ń gbàdúrà ọ̀sán òru ló kọ́ eléyìí o. Àdúrà wà, ọfà náà wà.

Kẹ́ ẹ má ṣe rò pé ìlú kan ṣoṣo ló ya wèrè. Ní Norwich, tí kò jìnnà síbẹ̀, irú ìjà kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní 1272 láàrin ará ìlú àti àwọn mọ́ǹkì kàtídírà, iná jó ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n bu owó ìtanràn lé ará ìlú lórí, àbájáde ẹ̀ ni géètì St Ethelbert tó wà ní Tombland, àdúgbò kan ní Norwich, títí di òní. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ níbẹ̀ náà ni Erpingham Gate wà, ó ti lo nǹkan bí 600 ọdún, Sir Thomas Erpingham tó darí àwọn tafàtafà England ní ogun Agincourt tí wọ́n bá Faransé jà ní 1415 ló kọ́ ọ, ère ẹ̀ wà lókè níbi tó ti kúnlẹ̀. Mo ti lọ wo àwọn yẹn náà, wọ́n dáa, tẹ́ ẹ bá ráàyè ẹ papọ̀ ẹ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, Bury ni màá mú, torí ní Norwich ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lẹ́yìn géètì, ó pé, ó dúró, ojú yín á kàn sáré kọjá lọ síbẹ̀. Ní Bury, ẹ kọjá géètì tán, kí lẹ rí? Koríko àti òkúta jágajàga. Ṣọ́ọ̀ṣì tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 500 lé díẹ̀ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó wà nínú àwọn tó tóbi jù ní gbogbo Yúróòpù.

Èyí ló gbé mi dé orí ọ̀rọ̀ ògiri, ibẹ̀ ni mo sì ti pẹ́ jù. Nígbà tí wọ́n lé àwọn mọ́ǹkì lọ tán ní 1539, òkúta dídáa ò sí ní Suffolk, mo ti sọ bẹ́ẹ̀ lókè, òkúta Barnack tí wọ́n ti gé dáadáa sì ń bẹ nílẹ̀ tí kò ní olówó. Ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí ní yọ òkúta, wọ́n ń fi kọ́lé, wọ́n ń fi ṣe ìpìlẹ̀, wọ́n ń fi tún ògiri ṣe. Wọ́n bó ara ògiri náà bí ẹni bó àgbàdo, ó wá ku ṣúkù. Ohun tẹ́ ẹ máa rí tó dúró gegere káàkiri ibẹ̀ lónìí, ṣúkù yẹn ni: flint, òkúta wẹ́wẹ́, àti láìmù, ìyẹn efun tí wọ́n ń sun látara òkúta, tí wọ́n pò mọ́ yanrìn, tí wọ́n dà sáàárín nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, tí ẹnikẹ́ni ò rò pé ojú máa rí i láéláé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn, pé àwọn ará ìgbà yẹn ò mọ ilé kọ́. Inú ògiri lẹ̀ ń wò, awọ ẹ̀ wà lára ilé àwọn ará ìlú.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò níbẹ̀. Wọ́n ń na ìka sí ojú ìlà tó lọ gbọọrọ káàkiri ara ògiri flint kan, wọ́n ní ṣé mo rí i? Mi ò rí i. Wọ́n ní kí n súnmọ́ ọn. Wọ́n wá ṣàlàyé pé flint kì í mu omi, bíríkì máa ń fa omi ara amọ̀ tí wọ́n fi ń lẹ̀ wọ́n pọ̀ kí amọ̀ tètè mú, ṣùgbọ́n flint ò ní fa nǹkan kan, torí náà èèyàn ò lè kọ́ ọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá ga jù á yọ́ sílẹ̀. Wọ́n á kọ́ díẹ̀, wọ́n á fi sílẹ̀ kó mú, wọ́n á tún kọ́ díẹ̀ sí i. Ìlà yẹn ni ibi tí ẹnì kan ti kó irinṣẹ́ ẹ̀ ńlẹ̀, tó ní ó tó fún òní. Lẹ́yìn tí wọ́n sọ ọ́ báyìí mi ò lè máa wò ó kí n má rí i mọ́, gbogbo ògiri ló ní ìlà, ọjọ́ iṣẹ́ lórí ọjọ́ iṣẹ́.

Wọ́n tún fi ibì kan hàn mí tí ẹnì kan ti fi síméńtì lẹ ojú ògiri àtijọ́, kì í ṣe lára àwọn géètì ńlá o, ògiri kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni, n ò mọ ẹni tó ṣe é, ó sì ti pẹ́. Síméńtì yẹn dúró ṣinṣin, ó le, kò mì. Òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló ń jẹrà, ó ń bó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án á dà sílẹ̀. Láìmù rọ̀, ó ń jẹ́ kí ògiri mí, omi tó bá wọlé á gba ojú láìmù jáde. Síméńtì ò ní gbà, omi á wà nínú òkúta, tí òtútù bá dé omi yẹn á dì, á sì fọ́ òkúta láti inú. Ìyẹn ni pé ẹni tó fẹ́ ran ògiri lọ́wọ́ ló pa á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra ilé àtijọ́ ní England, tí kọntirákítọ̀ kan ń sọ fún yín pé síméńtì ló lágbára jù, ẹ ṣọ́ra yín o, ẹ bi í pé láìmù ńkọ́.

Nǹkan kan tún wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fò. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá yẹn, ojú ẹ̀ tó kọ sí ìwọ̀ oòrùn, kò wó tán. Àwọn èèyàn wá kọ́lé sínú ẹ̀. Mi ò ṣàwàdà o, wọ́n kọ́ ilé sínú àwọn áàṣì ṣọ́ọ̀ṣì tó ti wó, pẹ̀lú ilẹ̀kùn, pẹ̀lú fèrèsé, pẹ̀lú ihò èéfín lókè, òkúta ńláńlá jágajàga sì yọ sórí òrùlé wọn. Èèyàn ń gbé ibẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lọ yọjú wo pálọ̀ wọn lójú fèrèsé, mo rí obìnrin kan tó fi fóònù lé gíláàsì wọn, ojú tì mí fún un.

Láàárín ibẹ̀ sí St Mary’s, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá míì tó wà níbẹ̀, ni ọgbà òkú wọn wà, wọ́n ń pè é ní Great Churchyard. Nínú ẹ̀ ni ilé egungun wà, Abbot John of Northwold ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 1300, tí wọ́n bá hú sàréè àtijọ́ tí wọ́n rí egungun, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó o sí. Ó ti di ahoro, irin yí i ká, òrùlé ò sí, ṣùgbọ́n àwọn òkúta ìrántí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ kà. Ọ̀kan wà fún ọmọbìnrin kan, Mary Haselton, ọmọ ọdún 9, àdúrà ìrọ̀lẹ́ ló ń gbà lọ́wọ́ ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 1785 tí àrá fi sán pa á. Òmíràn wà fún Sarah Lloyd, ọmọ ọ̀dọ̀ ni, ọkùnrin kan ló tàn án tó fi ṣílẹ̀kùn ilé ọ̀gá ẹ̀ fún un lóru, ọkùnrin yẹn jalè ó sì ti iná bọ ilé, wọ́n so ọmọbìnrin náà kọ́ ní 1800, kò tíì ju ẹni ọdún méjìlélógún lọ. Àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ sí òkúta yẹn sọ pé ikú tó tọ́ sí i ni, pé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ẹ̀ ni pé kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn fi òun kọ́gbọ́n. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Inú bí mi. Orúkọ ọkùnrin náà ò sí lára òkúta.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn ìtàn kẹta jù, ti Arundel Coke. Lọ́yà ni. Ó pe àna ẹ̀, Edward Crispe, wá jẹun lálẹ́ ọdún tuntun, ní oṣù kìíní 1722, bí wọ́n ṣe ń gba inú ọgbà òkú yìí kọjá lóru, òṣìṣẹ́ kan tí Coke ti háyà, John Woodburne, yọ sí i, ó sì fi àdá ṣá a lójú ṣákaṣàka. Ogún ni Coke ń wá. Crispe ò kú. Nígbà tí wọ́n dé kóòtù, òfin kan wà tó ní ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣá èèyàn láti bà á lójú jẹ́, ikú ni, ṣùgbọ́n ẹni tó gbìyànjú láti pa èèyàn tí kò rí i pa, òfin ò pa á. Lọ́yà wa bá dìde, ó ní olúwa mi, mi ò fẹ́ ba ojú ẹ̀ jẹ́ o, pípa ni mo fẹ́ pa á. Wọ́n so òun àti Woodburne kọ́ ní oṣù kẹta ọdún yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín débi pé àwọn òyìnbó tó ń mú ajá rìn yí ọ̀nà padà.

Ó yá, ìràwọ̀ tí mo yọ. Pátákó àlàyé ò tó, èyí tó sì wà níbẹ̀ kò sí níbi tó yẹ kó wà, ẹ máa kà nípa géètì nígbà tẹ́ ẹ ti kọjá ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ihò ọfà tí mo sọ yẹn, tí kì í bá ṣe pé mo ti kà á tẹ́lẹ̀, mi ò bá kọjá ni. Ẹ gba ìwé kékeré kan tàbí kẹ́ ẹ dára pọ̀ mọ́ àwọn tó ń mú àlejò rìn káàkiri tí wọ́n bá ní. Ilẹ̀ inú àwọn ahoro yẹn náà, gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ni, koríko wà, òkúta yọ sókè, ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ tàbí tó ń ti ọmọ, ọ̀nà ńlá inú gádìnì máa gbà á, ṣùgbọ́n àárín àwọn òkúta máa le, ibi tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ Norman Tower náà, ẹ fojú sílẹ̀ dáadáa, pàápàá tí òjò bá rọ̀, òkúta yẹn ń yọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wọ bàtà iṣẹ́ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín mi.

Oúnjẹ: mo ra kọfí ní káfẹ̀ kan nítòsí, n ò ní dárúkọ, ó tutù, ó sì wọ́n. Ẹ gbé nǹkan ẹnu yín dání, bẹ́ǹṣì wà rẹpẹtẹ. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà nínú gádìnì, ó mọ́ tónítóní lọ́jọ́ tá a lọ.

Owó ìwọlé ò sí, géètì ọ̀fẹ́, ògiri ọ̀fẹ́, gádìnì ọ̀fẹ́, wọ́n kàn máa ń ti gádìnì tó bá dalẹ́ ni. St Mary’s náà, ẹ wọ ibẹ̀, Mary Tudor, àbúrò Henry VIII tó fẹ́ ọba Faransé, ibẹ̀ ni sàréè ẹ̀ wà, Henry tó wó ilé àwọn mọ́ǹkì ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ o. Ẹ má gun ògiri kankan, ẹ má sì ṣa òkúta sápò, òfin England dáàbò bo gbogbo ibẹ̀, ó sì le. Mo rí ọmọ kan tó fẹ́ mú flint kan lọ ilé, ìyá ẹ̀ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ kíá.

Kẹ́ ẹ tó kúrò, ẹ wá Abbot’s Bridge, èrò kì í pọ̀ níbẹ̀, ó wà ní ẹ̀yìn gádìnì lápá Eastgate Street. Ògiri tó yí ilé àwọn mọ́ǹkì ká dé etí odò Lark, kò lè dúró síbẹ̀ torí olè lè gba inú omi wọlé, ni wọ́n bá kọ́ afárá, wọ́n gbé ògiri gba orí odò kọjá. Láti bí 1220 ló ti wà níbẹ̀. Ẹ dúró síta kẹ́ ẹ wò ó, kẹ́ ẹ wá wọ inú kẹ́ ẹ tún wò ó, ojú méjèèjì ò jọra. Ibẹ̀ lẹ̀gbọ́n mi ti sọ pé àwọn á padà wá, àwọn á mú àwọn ọmọ iṣẹ́ àwọn dání kí wọ́n wá wo iṣẹ́ kí wọ́n yéé fi ìkánjú ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá wọ rélùwéè láti Liverpool Street, ẹ máa pààrọ̀ ọkọ̀ ní Ipswich tàbí Stowmarket, ẹ lè gba Cambridge náà, ẹ sì lè fẹsẹ̀ rìn láti stéṣọ̀n dé ibẹ̀. Tó bá jẹ́ mọ́tò lẹ fẹ́ gbé, ẹ má lọ ní Wẹ́sídeè tàbí Sátidé, ọjọ́ ọjà wọn nìyẹn, ẹ ò ní ríbi páàkì sí, ẹ máa kàn yí ìlú po títí.